ARA Ń SỌ̀RỌ̀: Eré Ìmárale àti Àmì Ara nígbà Oyún

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan bá àwọn aboyún àti àwọn agbẹ̀bí sọ ní Ararọ̀mí-Obu, Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.

Mo fẹ́ kí a fi orúkọ ìlú yìí bẹ̀rẹ̀. Ararọ̀mí: ara rọ̀ mí. Ẹni tí ó bá pe ibì kan ní orúkọ yìí ń sọ fún wa pé ara tu òun níbẹ̀. Bí ara bá tu ènìyàn, ó mọ̀; bí ara bá sì ni í, ó mọ̀. Ara a máa sọ̀rọ̀. Ti aboyún tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹ̀mí méjì ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá wá lónìí kò ju ohun kan lọ: kí a máa lo ara wa bí ó ti yẹ, kí a sì kọ́ èdè rẹ̀, kí a lè mọ ìgbà tí ó ń sọ pé "ó rẹ̀ mí" yàtọ̀ sí ìgbà tí ó ń ké pé "ẹ gbà mí."

IṢẸ́ OKO KÌ Í ṢE ERÉ ÌMÁRALE

Bí mo bá ní kí aboyún máa ṣe eré ìmárale, àwọn kan a rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi tí mo ru ẹyìn láti oko, tí mo pọn omi, tí mo yan gàrí, eré wo ni ó tún kù?" Ìbéèrè tí ó dára ni.

Iṣẹ́ àti eré ìmárale kò rí bákan náà lára. Bí obìnrin bá ru ìdì ẹyìn, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ìnira náà dá lé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oko láti àárọ̀ di ọ̀sán, ibì kan náà ni yóò máa dùn ún. Bí ó bá ń yan gàrí, èéfín ń wọ inú rẹ̀, iná sì ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Iṣẹ́ ni ó ń pàṣẹ fún un. Kò lè sọ pé òun fẹ́ sinmi, nítorí pé ẹyìn kò gbọdọ̀ bàjẹ́, gàrí kò sì gbọdọ̀ jóná. Nínú eré ìmárale, ara ni ó ń pàṣẹ. Bí ó bá ní kí a rọra, a ó rọra. Bí ó bá ní kí a dúró, a ó dúró. Ibi tí iṣẹ́ ti mú kí ara le gan-an, eré ìmárale a máa tú u.

Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n mira rárá. Ẹ wo àwọn ìyá tí ń tajà ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí mọ́tò Èkó àti ti Bìní ti ń dúró. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń jókòó ti igbá. Ẹsẹ̀ wọn a wú, ìdí a ro wọ́n, ìgbẹ́ a sì le. Àwọn náà nílò rẹ̀, bóyá ju ará oko lọ.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE FÚN ARA

Eré ìmárale a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa, kí oorun dùn, kí ìgbẹ́ rọ̀, kí ẹ̀yìn dídùn dínkù, kí ọkàn sì fúyẹ́. Ó máa ń dín ewu àtọ̀gbẹ inú oyún àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo aboyún tí kò ní àìsàn tí ó dí i lọ́wọ́ níyànjú pé kí ó máa ṣe eré tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán láàrin ọ̀sẹ̀. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Bí 30 bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe ìṣẹ́jú 10 ní òwúrọ̀, 10 ní ìrọ̀lẹ́, 10 kí ẹ tó sùn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kò le jù? Ẹ kò nílò aago. Bí ẹ bá ń rìn, tí ẹ lè bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí yín kò tó láti kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá lè parí ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó mí hẹlẹ, ó ti pọ̀jù, ẹ rọra.

ERÉ MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍ ILÉ

1. Rírìn. Ẹ rìn ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn kò mú. Kí ọwọ́ yín ṣófo, kí orí yín má ru ẹrù. Ẹ wọ bàtà tí kò ga, kí ẹ sì mu omi kí ẹ tó jáde.

2. Ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po sí ọ̀tún àti sí òsì ní ìgbà 10. Ìyá tí ń tajà lè ṣe èyí nídìí igbá rẹ̀.

3. Ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ àti eékún kanlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ̀yìn yín tẹ́ bí tábìlì. Ẹ rọra gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí ẹ sì tún dá a padà kí ó tẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó tẹ̀ wọ inú.

4. Ìlóṣòó. Ẹ di òpó tàbí àga tí ó dúró dáadáa mú, ẹ la ẹsẹ̀, ẹ rọra lóṣòó débi tí ara gbà, kí ẹ sì dìde. Ìgbà 5 tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

5. Iṣan ìsàlẹ̀. Iṣan kan wà tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ fún un pọ̀, ẹ ka 1 dé 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń tọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìtọ̀ máa já bọ́ nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín tàbí tí a bá húkọ́ lẹ́yìn ìbímọ.

Bí oyún bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ẹ má ṣe eré kankan lórí ìdùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ má gun igi, ẹ má fò, ẹ má ṣe ohun tí ó lè mú kí ẹ ṣubú lu ikùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára rẹ̀ nínú oyún yìí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó rárá, ẹni tí àìsàn ọkàn ń ṣe, ẹni tí ó lóyún ìbejì, àti ẹni tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ tàbí tí ó ti bímọ láìpé oṣù rí, kí wọ́n bi agbẹ̀bí léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ MO KỌ́ Ẹ̀KỌ́ MI

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ obìnrin náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà ni. Ọmọbìnrin kan wá sí ìtọ́jú oyún, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ojú rẹ̀ wú, òrùka rẹ̀ kò sì yọ ní ìka mọ́. Ó sọ pé orí ti ń fọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n jọ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọkùnrin ni yóò bí, pé bẹ́ẹ̀ ni ojú aláboyún ọkùnrin ń wú. Àwọn obìnrin pọ̀ lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ni mo wí fún un pé, "Iṣẹ́ yín ti pọ̀jù. Ẹ lọ sinmi." N kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. N kò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ní òru ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e dé pẹ̀lú gìrì. Ó ń ta pútúpútú, kò mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. A ṣe ohun tí a lè ṣe. A gbóhùn ìyá. A kò gbóhùn ọmọ.

Ara ọmọbìnrin náà kò dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi sọ̀rọ̀. Òun náà kò dákẹ́, ó sọ fún mi. Èmi ni n kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí aboyún tí yóò sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun tí n kò ní wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ tí ìlà dé ojú pópó.

ÀMÌ TÍ KÒ NÍ EWU ÀTI ÀMÌ EWU

Kò sí aboyún tí nǹkan kan kì í ṣe. Bí ẹ bá rìn tí ó rẹ̀ yín, tí ẹ sinmi tí ó lọ, ìyẹn kò léwu. Bí ẹsẹ̀ bá wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì fọn nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹn wọ́pọ̀. Bí inú bá le, tí ó sì tú láìpẹ́, láìsí ìrora, kò burú. Àárẹ̀ iṣẹ́ a máa gbọ́ ìsinmi. Àmì ewu kì í gbọ́ ìsinmi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe eré tàbí iṣẹ́, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí àyà bá ń dùn yín, bí ẹ kò bá rí èémí mí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bí inú bá ń so yín léraléra, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn yín. Ẹ wá rí wa.

Èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú. Ọ̀sán ni o, òru ni o, ẹ gbéra:

– Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń yọ, ìbáà ṣe díẹ̀, ìbáà má dunni.
– Orí fífọ́ tí ó le, tí ojú ń ṣú tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́jú; ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà.
– Ojú àti ọwọ́ tí ó ṣàdédé wú.
– Gìrì tàbí dídákú.
– Omi tí ó ń jáde ní ojú ara kí àkókò ìrọbí tó pé.
– Ibà tí ó ga, tàbí èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró nínú.
– Ọmọ tí ìmira rẹ̀ dínkù tàbí tí kò mira mọ́.

Lórí ìmira ọmọ, ó yẹ kí n tẹ̀síwájú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára láàrin ọ̀sẹ̀ 16 sí 24. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìṣe tirẹ̀: òmíràn a máa ta lẹ́yìn oúnjẹ, òmíràn a di òru. Ẹ kọ́ ìṣe ti yín. Àwọn kan a máa sọ pé bí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ọmọ kì í mira mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìṣe rẹ̀ bá yí padà tí ó ń dákẹ́, ẹ wá ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má sùn lé e.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ní èdè tirẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú a funfun, àyà a máa lù kìkì nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, amọ̀ a sì máa wu aboyún jẹ. Bí amọ̀ bá ń wù yín, ẹ má tijú, ẹ sọ fún wa kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má fojú fo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ẹ máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì gba oògùn ibà tí a ń fún aboyún láti oṣù kẹrin lọ, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan wà láàrin ọ̀kan àti èkejì.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìtìjú kò sí nínú ọ̀rọ̀ oyún.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ ÈDÈ ARA

Àwọn kan rò pé ẹni tí kò kàwé kò lè mọ nǹkan wọ̀nyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ọdún 1956 síwájú, Dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwọ̀n àwọn ọmọdé sórí káàdì kan tí a fa ìlà sí. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà ń wà. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan lè wo ìlà náà kí ó mọ̀ pé ọmọ òun ń gòkè tàbí pé ó ń relẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá abúlé Yorùbá fi han ayé pé ẹni tí ó bá ní ìfura lè ka àmì ara. Ìfura sì ni oògùn àgbà.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú káàdì oyún yín bí ẹ ti ń tọ́jú owó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí ẹ sì jẹ́ kí a rí yín ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí ẹ tó bí, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ ní ọdún 2016.

Ẹ̀kọ́ ọmọ pàápàá ti inú oyún bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé rírìn yóò sọ ọmọ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ ń dàgbà nínú yín, ẹ̀jẹ̀ yín ni ó sì ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ bá a. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ lára ìyá, ọmọ náà a fara gbá a. Bí áyódìn kò bá tó nínú iyọ̀ tí ìyá ń jẹ, ó lè ṣe ìpalára fún òye ọmọ. Nítorí èyí ni orílẹ̀-èdè wa fi bẹ̀rẹ̀ ètò fífi áyódìn sí gbogbo iyọ̀ ní ọdún 1993. Ẹ ra iyọ̀ inú ọ̀rá tí a kọ ọ́ sí lára, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja.

Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ, Ọ̀RỌ̀ YÍN RÈÉ

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn ìyá dìde, kí wọ́n na ara fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí ìdí ń ro kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ́ wọn tán, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ni yóò ní ó yé àwọn. Ẹ ní kí ìyá kan sọ ọ́ padà ní ẹnu ara rẹ̀: "Bí orí bá ń fọ́ yín tí ojú ń ṣú, kí ni ẹ ó ṣe?" Èyí tí ó bá sọ padà ni ó mọ̀.

Ẹ má jágbe mọ́ ẹni tí ó pẹ́ dé. Ẹni tí a jágbe mọ́ lónìí kò ní sọ àmì ara rẹ̀ fún wa lọ́la.

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo aboyún, ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá. Bí ó bá tó 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ tún un wọ̀n, ẹ yẹ ìtọ̀ wò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí dókítà. Bí ó bá le tàbí tí gìrì bá mú un, ìwọ̀n àkọ́kọ́ abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni kí a fún un gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa, kí a tó gbé e lọ. Ìwádìí ńlá tí a gbé jáde ní ọdún 2002, tí ó kan obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà dín gìrì aboyún kù ju ìdajì lọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń gbẹ̀bí nílé, ẹ bá wa ṣe é. Ẹni tí ẹ bá rí àmì ewu lára rẹ̀, ẹ tẹ̀lé e wá. Iyì yín kò ní dínkù.

ÌDÁDÚRÓ NI ÀPANIRUN

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ní ọdún 2009, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n dojú kọ: ìdádúró kí a tó pinnu láti lọ, kí a tó dé ibẹ̀, kí a tó rí ìtọ́jú nígbà tí a dé, àti kí a tó gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ní ọdún 2010 ni ilé-ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè mú ìdádúró àkọ́kọ́ kúrò. Inú ilé yín ni ìyẹn wà. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Nítorí náà, kí oyún tó pé oṣù méje, ẹ jókòó pẹ̀lú bàbá ọmọ. Mọ́tò tàbí ọ̀kadà ta ni yóò gbé yín ní òru? Owó rẹ̀ dà? Ta ni yóò tẹ̀lé yín? Ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ tí ó kù? Ta ni ó lè fún yín ní ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní abà, ẹ ronú sí ọ̀nà ní àkókò òjò, kí ẹ sì sún mọ́ ìlú bí oṣù yín bá ti pé.

Kí a tó túká, ẹ jẹ́ kí a jọ wí i. Ní alaalẹ́, kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ mo mira lónìí? Ǹjẹ́ ọmọ mi mira bí ìṣe rẹ̀? Ǹjẹ́ ara mi sọ ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Bí ìdáhùn ìkẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sọ ọ́.

Wẹ́rẹ́ ni ẹ ó bí. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ara yóò sì rọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú yìí.